Ẹni Tó Ń Bá Màámi Sọ̀rọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bẹẹrẹ nílùú Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tí mo ń bá àwọn ọmọléèwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tí mo sì ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Nítorí náà, bí mo bá ní ẹ̀rọ kan ò wúlò, kì í ṣe ìlara ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ránṣẹ́ sí Màámi láti ìlú òyìnbó, mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, mo tàn án, mo sì pòṣé.

Ẹ̀rọ náà rẹwà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere débi pé bí àwòrán ewé bá yọ níbẹ̀, wàá rí iṣan ara ewé náà. Ṣùgbọ́n kí ló lè ṣe? Kò lè ṣe ju kó gbé èèyàn wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Ètò tí mo fi ń ya káàdì kò ṣeé kó sínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ò sì bá a ṣe. Bí dátà bá ti tán, ó di wàláà tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo wo iye tí wọ́n ń tà á, orí mi fò lọ. Owó yẹn á ra irú èyí tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, á ra òmíràn tì í, á tún kan páànù ilé wa tó ti dípẹtà. Wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ta ni irú èyí ń wù?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, kín lẹ rí tẹ́ ẹ fi ra èyí? Èyí tówó ẹ̀ ò tó ìdajì á ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe, á tún bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù."

"Mi ò rà á fún ṣọ́ọ̀bù. Màámi ni mo rà á fún. Fóònù wọn yẹn ti fọ́ lójú. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí mi dáadáa."

"Ẹ ò bá kúkú fowó ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú wálé, kí wọ́n fojú kàn yín."

"Bí mo bá jáde níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé padà. Ìwé àṣẹ ìgbélùú mi ò tíì jáde. Má sọ fún wọn o."

Mi ò sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, bẹ́ẹ̀ irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyí, ohun tó bá dùn mí, ìbínú ni mo fi ń hàn án. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò nílé. Láti ọjọ́ yẹn, bí Màámi bá ti ní kí n gbé kọ̀ǹpútà jáde, ojú mi á kọ́rẹ́ lọ́wọ́, màá jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí.

Ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fẹ́ wọlé. Ẹ̀bá fèrèsé kan ṣoṣo ní pálọ̀, èyí tó kọjú sí òkè Mápó, ni fóònù mi ti ń rí i gbà, fóònù mi náà ló sì ń fún kọ̀ǹpútà ní dátà. Ibẹ̀ la gbé tábìlì sí. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aṣọ ló ń tà ní Gbági kí orúnkún rẹ̀ tó kọṣẹ́. Ní báyìí, ohun tó kù tó ń retí láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ ìsinmi ọmọ rẹ̀. Bó bá ti kírun Àsárì tán, àsìkò ìpè ti tó nìyẹn.

Lórí fóònù àtijọ́, ojú ẹ̀gbọ́n mi kéré, ó ṣú dùdù, ibi tí fóònù ti là sì gba àárín imú rẹ̀ kọjá. Màámi ò bìkítà. Kí wọ́n tó kíra tán ni á ti figbe ta pé, "Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?" Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Láìpẹ́, Màámi. Ẹ máa fi àdúà ràn mí lọ́wọ́." Màámi á bẹ̀rẹ̀ àdúà, àdúà náà á sì jẹ dátà mi tán pátápátá.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí a lo kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi yọ lójú ẹ̀rọ, ó tóbi, ó mọ́lẹ̀. Pálọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tò lórí pẹpẹ, òdòdó wà nínú ìkòkò funfun, oòrùn sì ń wọlé láti ojú fèrèsé gíga kan. Màámi fọwọ́ bo ẹnu.

"Irú ilé yìí lọmọ mi ń gbé?"

Ó ní kí n lọ pe àwọn ará ilé wá wò ó. Inú èmi náà rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní bóyá ẹ̀rọ ọ̀hún wúlò fún nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní Sọ́ńdè kan, Màámi sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ẹ̀rọ. Kì í ṣe ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó wo èjìká, ó wo ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ lọ, Màámi ò dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi," ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé lójú oorun.

Láti ọjọ́ náà, kò béèrè mọ́ pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé.

Kò pè é lórúkọ mọ́. Kò ki oríkì rẹ̀ mọ́. "Ọmọ mi" nìkan ló kù. Ìbéèrè rẹ̀ náà yí padà. "Ṣé òtútù ò mú ọ níbi tó o wà yẹn?" "Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa?" Tí ẹ̀gbọ́n mi bá bi í pé ta ni, á ní, "Àwọn tẹ́ ẹ jọ wà." Àdúà tó máa ń jẹ mí ní dátà kúrú. Kì í ṣàdúà ẹ̀mí gígùn fún un mọ́, kò ju "Ọlọ́run á forí jì ọ́" lọ. Kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀, á tan tùràrí sí ẹsẹ̀ tábìlì, á lé àwọn èèyàn jáde, èmi nìkan ló ń jẹ́ kó dúró nítorí fóònù mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í din mọ́sà, ó ń pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò.

"Màámi, sàráà kín nìyí?"

"Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Kín ló ṣe Bọ̀dá mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Bí òórùn tùràrí yẹn bá ti kún pálọ̀, tí ojú ẹ̀rọ sì ń tàn lu ojú Màámi, ara mi kì í gbà á. Mo máa ń fẹ́ dìde kí n ṣí ilẹ̀kùn. Mi ò lè sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ti fura. Ó pè mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, oníbàárà wà lọ́dọ̀ mi, mo ní kó dúró, ó ní òun ò lè dúró.

"Kín ni mo ṣe tí Màámi fi ń tọrọ àforíjì fún mi? Wọn ò béèrè mọ́ pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Ṣó o mọ̀ pé ẹ̀rù ìbéèrè yẹn ló máa ń bà mí tẹ́lẹ̀? Ní báyìí, mo máa ń jókòó, màá máa retí ẹ̀, wọn ò ní í bi mí."

"Bóyá ó ti sú wọn."

"Bí wọn ò bá retí mi mọ́, kín ni mò ń ṣe níbí? Àwọn kan ń ní kí n wọ ọkọ̀ ojú omi kan, kí n lọ ṣiṣẹ́ lórí òkun, ibi tí fóònù ò dé. Nítorí Màámi ni mi ò ṣe lọ. Bí wọ́n bá ti mú ọkàn kúrò lára mi, màá lọ ni."

Mo ní kó má lọ síbì kankan.

Àbúrò bàbá mi ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Bàbá Kékeré là ń pè é. Kì í wá sílé wa láìkọ́kọ́ pè mí. Bó bá ti dé Ọjà'ba, á tẹ fóònù, á ní, "Mo ti ń bọ̀ o, ẹ gbé omi sílẹ̀ fún mi." Ní Sọ́ńdè yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì poora. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Kékeré wọlé, ó gbé búrẹ́dì dání.

Màámi dìde lórí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ẹ ti lé e lọ! Bàbá Kékeré, ẹ ti lé ọmọ mi lọ o!"

"Ta ni mo lé, Màmá?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n! Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n!"

Bàbá Kékeré wò mí, èmi náà wò ó. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí kò rí irú rẹ̀ rí látìgbà tí Màámi ti wọ ilé náà bí ìyàwó. Èmi kúnlẹ̀ ti Màámi. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Má purọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Òótọ́ ni pé ó mọ̀ ọ́n. Ìyá kan wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sí ìrìn àjò. Ní ilẹ̀ wa, wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún abiyamọ lójijì. Gbogbo agboolé pa ẹnu pọ̀, a ní ọmọ náà wà lálàáfíà, a ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè pè. Màámi gan-an ni aṣáájú wa. Òun ló ń gbé oúnjẹ wọlé tọ ìyá náà, tó ń ní ọmọ rẹ̀ ní kí òun kí i. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn àgbà tó jókòó tì í, kí wọ́n tó túfọ̀ fún un. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Màámi ní, "Ojú tí mo máa ń gbé wọlé tọ ìyá yẹn, òun náà lojú tí ìwọ ń gbé jókòó síwájú ẹ̀rọ yìí."

"Ìbínú ni, Màámi! Owó tí wọ́n fi rà á ló ń bí mi nínú! Ṣebí ẹ̀yin náà ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lórí fóònù, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ yìí ló fi hàn mí. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ, á tún padà. Etí rẹ̀ kan á sọnù. Á gbé ife, ife á parẹ́ kó tó dẹ́nu. Mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Mi ò rí i kó jẹun rí. Oòrùn pálọ̀ yẹn kì í wọ̀, kì í yẹ̀ kúrò lójú kan. Bí Bàbá Kékeré bá sì ti ń bọ̀, kí wọ́n tó wọlé rárá, á ti lọ. Wọ́n mọ̀ pé ó kú, ìdí nìyẹn. Àkúdàáyà ni. Ó ń gbé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, èmi ìyá rẹ̀ ló ṣì ń yọ́ wá wò."

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ìlànà ọ̀rọ̀ yìí. Àkúdàáyà kì í dúró níwájú ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú. Bí o bá pè é lórúkọ, bí o bá ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ jọ padà sílé, o ti lé e nìyẹn, o ò ní rí i mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi gbé ìbéèrè rẹ̀ mì.

"Ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ti gbà pé ó kú. Ẹ má jẹ́ kó tún nù mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Mo ní fóònù mi ti gbó, bí ìpè bá wọlé sórí rẹ̀, dátà á já, ìpè tí Bàbá Kékeré ń pè láti Ọjà'ba ló ń gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo ní pálọ̀ yẹn kì í ṣe pálọ̀, àwòrán ni wọ́n tẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń gé ara rẹ̀ lé e lórí, kò sì mọ̀ ọ́n gé. Màámi gbọ́ mi tán.

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe máa ń ní àlàyé fún ìyá yẹn," ó ní.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, èmi náà sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ sókè láti họ orí, ìka rẹ̀ méjì yọ́ wọ inú ìwé orí pẹpẹ, wọ́n sì tún jáde. Ohùn rẹ̀ ṣáájú ẹnu rẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á, iṣẹ́ mi ni, mo lè ṣe é fún oníbàárà. Síbẹ̀ irun ara mi dìde. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mi ò ti fọwọ́ kan èèyàn yìí, mi ò sì mọ ẹnì kan tó fọwọ́ kàn án. Owó rẹ̀ ń gba inú fóònù wọlé, èmi ò rí ọwọ́ tó ń fi í ránṣẹ́. Àjèjì ló gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kó jókòó, ó ní rárá, ó sì ti lọ kí n tó mú omi tútù dé. Mo rántí gbogbo rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, mi ò sì lè wo ojú Màámi.

Ní ọjọ́ kejì mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó ká pálọ̀ irọ́ yẹn kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò lè ṣe é," ó ní. "O ò mọ ibi tí mò ń sùn."

"Màámi rò pé ẹ ti kú."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó bi mí.

"Ṣé torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe béèrè mọ́?"

"Torí ẹ̀ ni."

Sọ́ńdè tó pé, mo ti pe Bàbá Kékeré wá kí àkókò tó tó. Màámi ní kó jáde, ó bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Bàbá Kékeré di apá rẹ̀ mú, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Ojú ẹ̀rọ tàn. Ẹ̀gbọ́n mi yọ, pálọ̀ rẹ̀ ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí Bàbá Kékeré, ó kí i, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí ìjókòó. Kò poora. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tirẹ̀, pálọ̀ náà sì lọ.

Yàrá tóóró kan ló kù. Ibùsùn onírin wà, ọ̀kan gun orí èkejì. Ọkùnrin kan ń sùn lórí èyí tó wà lókè, ó kọjú sí ògiri. Aṣọ iṣẹ́ tó tutù rọ̀ mọ́ páìpù. Páálí ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé, ìkòkò àti bàtà jọ wà nílẹ̀ lójú kan. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ rù ju bí mo ṣe rò lọ, ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ yẹn ló ti ń bò ó.

Màámi wò ó. Ó ní, "Jẹun kí n rí ọ."

Ó mú búrẹ́dì láti inú ọ̀rá, ó bù ú, ó jẹ ẹ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ pé. Ó gbé e mì, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Òkú kì í jìyà tó báyìí," ni Màámi wí. Ó pe orúkọ rẹ̀. Ó kì í, oríkì tó ti dì sínú láti oṣù díẹ̀ wá, ó kì í tán, ó tún un kì, omijé ń ya lójú rẹ̀, Bàbá Kékeré náà ń fi fìlà nu ojú. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó kàn.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò mira. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ dúró sójú kan, ó dúró gbagidi bó ṣe máa ń ṣe kó tó poora. Mo sáré gbé fóònù mi wò. Ìpè kankan ò wọlé. Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè láti fi hàn mí pé òun ò tẹ nǹkan kan. Màámi gbára lé tábìlì, ó ń retí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá ọmọ rẹ̀ padà fún un.

Lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin orí ibùsùn yí ara padà, ó fa aṣọ bo orí, ó sì ń sun oorun rẹ̀ lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò já.